Eré Wa Wọ Yunifásítì, Ó Tún Padà Sójú Ọ̀nà

Ẹ má jẹ́ kí ìdìde-ìjókòó mi dà yín láàmú, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí mo bá jókòó díẹ̀, màá dìde. Bí mo bá dìde, màá rìn dé ẹnu ọ̀nà, màá yọjú wo títì, màá tún padà wá jókòó. Kì í ṣe pé mò ń retí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fi ìgbà èwe rẹ̀ sùn lórí bẹ́ńṣì ilé-ẹ̀kọ́, lónìí ní Àjàgbà, lọ́la ní Ìyànsàn, lọ́tùn-únla ní etí omi lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yà Ìjọ tó ń pẹja, ibùsùn rírọ̀ kì í bá a lára mu mọ́. Ẹ ní kí n sọ bí eré wa ṣe rí kí yunifásítì tó bá wa da nǹkan pọ̀, àti bí ó ṣe rí lẹ́yìn náà. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ẹ bá mi fò ó.

Nígbà tiwa, etí ni eré ń kọ́kọ́ gbà wọ ìlú. Bí lọ́rì wa bá ti ń gba abẹ́ ọ̀pẹ bọ̀, ẹnìkan á dìde dúró lórí ẹrù, á máa mi agogo ọwọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ wọ kíláàsì. Lẹ́yìn agogo, ohùn Ọ̀gá. Akíngbòyè ni orúkọ Ọ̀gá wa, òun ló dá ẹgbẹ́ eléré náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ yẹn. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀. Ohùn ọkùnrin náà máa ń la igbó ọ̀pẹ kọjá. Àwọn obìnrin tó ń fún epo á gbọ́ ọ, wọ́n á da ìhá ẹyìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní iṣẹ́ tó bá kù di ọ̀la. Lónìí, fóònù lẹ fi ń pe èrò. Ẹ tẹ nǹkan bíńtín, gbogbo ayé ti rí i. Mi ò sọ pé kò dára. Mo kàn ń sọ pé mi ò tíì rí fóònù tó mú obìnrin Ìkálẹ̀ fi epo sílẹ̀ lórí iná.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìkórè bá dé, àwa ọ̀dọ́ á ṣe eré inú Bíbélì fún ìjọ, Ọ̀gá tó jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ló ń kọ́ wa. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ gbé eré jáde kúrò lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó máa sọ ìtàn àwọn ènìyàn tí a jọ ń gbé, èdè ilé ni a ó sì fi ṣe é, kì í ṣe Yorùbá inú ìwé. Bàbá mi, tó jẹ́ katikíìsì, kò fẹ́ gbọ́.

Ó bi mí pé, "Ìwọ ọmọ mi, o fẹ́ máa bá lọ́rì káàkiri?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Kí ni ìwọ fẹ́ lọ máa ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ máa ṣe opó."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ọmọge tí kò tíì lọ́kọ, opó ni ó fẹ́ ṣe." Láti ọjọ́ náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, bí mo bá kí i á gbọn orí lásán. Ìgbà tí a wá ṣeré ní Ìyànsàn, mo rí ọkùnrin kan lẹ́yìn èrò, ó fa fìlà bojú. Mo mọ fìlà náà, èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo délé, bàbá ń jẹ púpurú, kò gbójú sókè. Ó kàn ní, "Ìparí ọ̀rọ̀ rẹ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn. Máa sọ ọ́ dé òpin." Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ó ti gbà.

Ẹ ò lè mọ bí iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Àwa fúnra wa là ń so bẹ́ńṣì mọ́ bẹ́ńṣì kí ó di ìtàgé. Ìró àwọn ìyá wa ni aṣọ ìkélé. Èédú ni a fi ń ya irùngbọ̀n, bí a bá sì fẹ́ sọ ọ̀dọ́ di arúgbó, ìyẹ̀fun gbágùúdá ni a ń dà sí i lórí. Ọjọ́ kan ní Akótógbò, ẹni tó ń ṣe òkú ọkọ mi nínú eré dùbúlẹ̀ gbalaja, ìyẹ̀fun funfun ní irùngbọ̀n rẹ̀. Bí mo ṣe ń sunkún lé e lórí, ewúrẹ́ kan gun orí ìtàgé wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá irùngbọ̀n náà. Òkú kò gbọdọ̀ mira, òun náà kò sì mira, ó ní sùúrù, àfi ìgbà tí ewúrẹ́ dé ihò imú rẹ̀ ni òkú sín. Àwọn èrò fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kú. Ọ̀gá ò bínú. Ó jáde síta, ó sọ fún wọn pé, "Ẹ wo bí ìyàwó yìí ṣe fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ tó, ẹkún rẹ̀ ti ń jí i." Eré tẹ̀síwájú.

Eré tí mo ń sọ yìí, eré Opó, òun ló sọ wá di ẹni tí wọ́n mọ̀. Ìtàn rẹ̀ kò ṣòro. Ọkọ obìnrin kan kú. Kí erùpẹ̀ sàréè tó gbẹ, ẹ̀gbọ́n ọkọ dé láti wá gba oko ọ̀pẹ tí tọkọtaya náà jọ fi òógùn gbìn. Ọ̀gá ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ, olójúkòkòrò, èmi ni opó. Ọ̀gá á wọlé, á wo àwọn èrò lójú, á bẹ̀rẹ̀:

"Ta ló ni ọ̀pẹ? Èmi ni.
Ta ló ni ẹyìn orí ọ̀pẹ? Èmi ni.
Ta ló ni epo inú agbada? Èmi ni.
Ìwọ tó fi orí ru omi wọ ilé yìí, o fẹ́ fi orí ru oko jáde."

Lẹ́yìn náà ni èmi á sọ tèmi, màá fa ìgbálẹ̀ yọ, màá fi lé e jáde. Mo ti fi ìgbálẹ̀ lé ọkùnrin yẹn ní ìlú tí mi ò lè kà tán. Àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn eré, wọn kì í kí i. Wọ́n á ní ojú rẹ̀ burú.

Ohun tó pa eré ìgbà náà kò pa á lọ́jọ́ kan. Fídíò dé, iná mànàmáná dé díẹ̀díẹ̀, kálukú wọ inú pálọ̀ rẹ̀. Bí a bá mi agogo, ẹnikẹ́ni kì í fi epo sílẹ̀ mọ́. Lọ́rì wa kú sí ọ̀nà Irèlè, a kò rí ohun tí a fi jí i dìde, wọ́n sì tú irin rẹ̀ lọ. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ lọ sí Èkó, àwọn kan ra ọ̀kadà, ẹni tó ń ṣe òkú di ẹni tó ń ra ẹyìn kiri lóko. Àwa díẹ̀ tó kù, ìsìnkú àti ìkórè nìkan ni a ń ṣeré fún. Inú mi ò balẹ̀ nígbà náà rárá. Màá jí lówùúrọ̀, màá di ẹrù, màá rántí pé kò sí ibi tí mò ń lọ, màá tún tú u. Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún mi.

Níbi ìsìnkú tíṣà àgbà kan ní Ìyànsàn ni Dókítà ti rí wa. Obìnrin ni, ará apá Ìsẹ́yìn, dókítà ìwé ni, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré orí ìtàgé ní yunifásítì. Ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá síbi ìsìnkú náà. Bí a ṣe ń ṣeré, mo rí i tó ń fa àga rẹ̀ súnmọ́ wa díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jókòó sáàárín àwọn ọmọdé. Nígbà tí a parí, ó wá bá mi lẹ́yìn aṣọ níbi tí mo ti ń nu èédú. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ ìwé eré yìí?"

Mo ní, "Kò ní ìwé, ọmọ mi. Ẹnu ni a fi ń ṣe é."

"Ṣé bí ẹ ṣe ṣe é lónìí náà lẹ ó ṣe é lọ́la?"

"Bí àwọn tó wá wò ó lọ́la bá jọ àwọn tòní."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò gbọ́ tó ìdajì ohun tí a sọ, nítorí Ìkálẹ̀ wa jìn sí tòun, ṣùgbọ́n òun ti sunkún. Ó ní ṣé òun lè wá rí Ọ̀gá nílé.

Ó wá. Àbá rẹ̀ ni pé kí yunifásítì àti ẹgbẹ́ wa so ọwọ́ pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ á wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, àwa náà á máa lo ibi tí wọ́n ti ń dánra wò, iná wọn, aṣọ wọn, ọkọ̀ wọn. Kí a jọ máa ṣe eré kan náà. Ọ̀gá gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́, ó ní òun ò ṣe. Nígbà tí Dókítà lọ, mo bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ó ní, "Ǹjẹ́ o ti wọ yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì rí? Wọ́n máa ń fi aláǹgbá sínú ìgò níbẹ̀. Àwọn ọmọ á máa wò ó, wọ́n á mọ gbogbo orúkọ ara rẹ̀. Aláǹgbá náà kò lè sá mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe wá."

Mo ní, "Ọ̀gá, èwo nínú wa ló ń sá báyìí? Ẹ wo ẹsẹ̀ wa. Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ, òjò náà ti rọ̀ lé wa lórí."

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ mìíràn ó wọ aṣọ àrán rẹ̀, ó ní kí n jẹ́ ká lọ wo ibẹ̀, bí òun bá rí ìgò níbẹ̀, òun á padà.

Kò rí ìgò. Ọmọ ló rí, wọ́n pọ̀, wọ́n ń kí wa ní "ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàárọ̀ mà." Ó kó wọn lọ sí pápá bọ́ọ̀lù, ó ní kí àwọn kan dúró sí ìkangun kan, kí àwọn kan dúró sí èkejì, kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìpariwo, kí ọ̀rọ̀ sì dé. Wọ́n ṣe é títí ohùn wọn fi ha. Àwọn náà kọ́ wa. Ìgbà yẹn, bí a bá wà lórí ìtàgé, gbogbo wa máa ń há mọ́ ojú kan bí adìẹ abẹ́ òjò. Àwọn ọmọ náà fi hàn wá bí èèyàn ṣe lè dúró kí ẹni tó wà lápá ọ̀tún àti ẹni tó wà lápá òsì jọ rí i. Wọ́n fi iná hàn wá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n tan iná aláwọ̀ aró sí mi lójú nígbà tí mo ń sunkún ọkọ mi, mo bẹ̀rù ara mi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, Dámilọ́lá, ọmọ Òṣogbo. Kò gbọ́ Ìkálẹ̀ rárá nígbà tó dé. Tí àwọn bá ní "owó," àwa "eghó" là ń wí, ohùn náà ti ọ̀nà ọ̀fun wá. Bí Dámilọ́lá bá fẹ́ sọ ọ́, yóò dà bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́rùn. A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò fi sílẹ̀. Ó ń wá sí ilé mi, ó ń bá mi gé ewébẹ̀, ó ń bá mi jẹ púpurú, ó ń sọ ọ́ títí ó fi bọ́ sí i lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan ó pè mí láti ẹnu ọ̀nà, mo rò pé ọmọ àbúrò mi ni.

Ọmọ yìí kan náà ni Ọ̀gá fi ipa mi fún. Ó ní, "Opó inú eré yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bímọ ni. Ìwọ ti lọ́mọ-ọmọ." Òótọ́ ni. Ó ní kí n máa ṣe ìyá ọkọ. Mo gbé ìró tí mo fi ń ṣe opó fún Dámilọ́lá, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ìgbálẹ̀ mú, mo lọ sílé. N kò lè jókòó. Mo gbá iwájú ilé, mo gbá ẹ̀yìn ilé, mo gbá ti aládùúgbò mọ́ ọn.

Ẹgbẹ́ náà ń dàgbà. Àwọn èèyàn ń ti Oǹdó wá, wọ́n ń ti Àkúrẹ́ wá. Àwọn tó ti lọ tẹ́lẹ̀ ń padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí kan òkú wa, ó fi iṣẹ́ ẹyìn sílẹ̀. Yunifásítì kọ́ gbọ̀ngàn eré tuntun, àga tìmùtìmù, aṣọ ìkélé tó ń fa ara rẹ̀. Wọ́n ní eré Opó ni wọn ó fi ṣí i. Bí ìṣílé ṣe kù díẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Ọ̀gá. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ohùn tó ń la igbó ọ̀pẹ kọjá, kò kù nínú rẹ̀ ju "ó yá" lọ. Bí ebi bá ń pa á, "ó yá." Bí ó bá ń bínú, "ó yá." A ní kí ẹlòmíràn ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ, ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, "ó yá, ó yá," títí a fi gbà pé òun náà ni yóò ṣe é.

Dókítà wá ọgbọ́n dá. Ọ̀gá á jáde, á dúró, á fi ojú àti ọwọ́ òsì ṣeré, akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́yìn aṣọ á máa fi gbohùngbohùn sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é lọ́jọ́ ìṣílé. Ó lọ déédéé. Àwọn èèyàn ńlá jókòó, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́, nígbà tó parí wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n bọ Ọ̀gá lọ́wọ́, wọ́n bá a ya fọ́tò. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó jókòó nínú àga tìmùtìmù kan níwájú, ojú rẹ̀ korò. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ fún un, ó tì í. Ó na ọwọ́ òsì sí ìta, sí apá ibi tí ọ̀nà Irèlè gbà. "Ó yá."

Ó yé mi. Akótógbò ti ránṣẹ́ sí wa ní ẹ̀ẹ̀mejì pé, ṣé a ti di ti àwọn olówó ni, tí a kò fi wá mọ́. Láti ìgbà tí a ti wọ yunifásítì, àwa là ń jókòó, àwọn èèyàn ló ń wá wa. Bí a bá wí fún àwọn kan nínú ẹgbẹ́ pé ká padà sójú ọ̀nà, wọ́n á ní ta ni yóò fi fáànù sílẹ̀ lọ jó nínú oòrùn. Mo bá Dókítà lọ́rọ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀rù ọ̀nà yẹn ń bà mí. Ọmọ olọ́mọ ni wọ́n. Bí ọkọ̀ bá gbé wọn ṣubú, kí ni màá sọ fún ìyá wọn?"

Mo ní, "Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìwọ wá wo ọ̀nà náà fúnra rẹ."

Obìnrin náà wá. Ọ̀kadà kan ló gbé àwa méjèèjì lẹ́yìn Àjàgbà, èmi láàárín, òun lẹ́yìn. Níbi tí omi ti ya ọ̀nà, ọ̀kadà yọ̀, gbogbo wa wọ inú ẹrẹ̀. Nígbà tí mo dìde, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, pé yóò ní kí a padà. Ó jókòó nínú ẹrẹ̀ náà, ó ń wá bàtà rẹ̀ kan. Ó ní, "Ibí yìí, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ọkọ̀ á kọjá lófìfo." Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ó ti di ọ̀kan nínú wa.

Ẹ̀ẹ̀rùn la lọ sí Akótógbò, ní Sátidé, ní ọ̀sán. Ìtàgé wa wà ní gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fún epo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ so bẹ́ńṣì mọ́ bẹ́ńṣì, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ fún gbohùngbohùn. Èrò kún. Àwọn tí mo mọ̀ ní ọmọge ti di ìyá àgbà, wọ́n gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n. Nígbà tí wọ́n rí Ọ̀gá tí a ń ràn lọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́, ariwo tí wọ́n ń pa rọ̀ wọlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún wọn pé àrùn kọ lù ú.

Eré bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe tèmi, mo wọlé, mo dúró sẹ́yìn aṣọ. Ó kan Ọ̀gá. Ó jáde pẹ̀lú ọ̀pá, ó dúró, ó wo àwọn èrò lójú bí ó ti máa ń wò wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó di gbohùngbohùn mú fa èémí sínú. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Ọmọ náà pariwo ọ̀rọ̀ náà, kò dún kọjá aṣọ, ẹ̀rù bà á, ó dákẹ́. Dókítà dìde. Ọ̀gá ṣì dúró sójú oòrùn, ẹnu rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Mo ti ká aṣọ ìkélé sókè, mo fẹ́ sáré bọ́ síta lọ mú un.

Ìyá àgbà kan tó jókòó sórí òkúta lẹ́bàá agbada ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ta ló ni ọ̀pẹ?"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ dá a lóhùn, "Èmi ni."

Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Ta ló ni ẹyìn orí ọ̀pẹ?"

"Èmi ni."

Nígbà tí ó fi máa kan epo inú agbada, gbogbo Akótógbò ló ń sọ ọ́. Àwọn ọmọdé tí wọn kò rí eré náà rí ń gbà á lẹ́nu ìyá wọn. Ọ̀gá ń gbé ojú káàkiri láti ẹnu dé ẹnu. Lẹ́yìn ìyàlẹ́nu àkọ́kọ́, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣeré: ó na ìka sí ọ̀pẹ, ó na ìka sí agbada, ó lu àyà. Ohùn tiwọn, ìṣe tirẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ dé òpin: "Ìwọ tó fi orí ru omi wọ ilé yìí, o fẹ́ fi orí ru oko jáde."

Ó wá ku kí opó fi ìgbálẹ̀ lé e. Dámilọ́lá gbé ìgbálẹ̀ sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Omi kún ojú rẹ̀. Ta ni yóò fi ìgbálẹ̀ gbá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀? Àánú Ọ̀gá ń ṣe gbogbo èrò. Ọ̀gá wò ó, ó wo àwọn èrò, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, kì í ṣe ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ mọ́, ojú olùkọ́ ni. Ó na ọwọ́ òsì, ó gbá orí ìgbálẹ̀ náà mú, ó fi lu èjìká ara rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ náà, ó dúró dè é.

Dámilọ́lá gbá a. Gbàmù. Ọ̀gá sá. Ẹni tí ẹsẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀, ó sá bí olójúkòkòrò ṣe ń sá, ó ń fi ọ̀pá fò, ó ń bojú wẹ̀yìn, ìlú sì hó lé e lórí títí ó fi wọ ẹ̀yìn aṣọ. Mo gbá a mú. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Nígbà tí mo gbé ojú rẹ̀ sókè, ẹ̀rín ni.

Ọ̀gá kò rí òjò ọdún kejì. A sin ín sí Àjàgbà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé pósí. Láti ìgbà náà, yunifásítì ti fi ìrìn àjò náà sínú ẹ̀kọ́ wọn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ọmọ tí kò bá tẹ̀lé wa lọ sùn lórí bẹ́ńṣì kò tíì parí ẹ̀kọ́. Dámilọ́lá alára ti di olùkọ́ níbẹ̀, òun ló ń jókòó níwájú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe ẹ̀gbọ́n ọkọ, àwọn ọ̀dọ́kùnrin dán an wò, kò mú. Èmi obìnrin ni wọ́n fi ipa náà fún, mo ń fi èédú ya irùngbọ̀n.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá a ṣe é ní Ìyànsàn. Mo jáde, mo fa sòkòtò sókè, mo wo àwọn èrò lójú, mo ṣe tán láti sọ ọ̀rọ̀ náà. Bàbá kan níwájú gbé ọwọ́ sókè sí mi.

Ó ní, "Ìyá, ẹ sinmi. Àwa la ó sọ ọ́."

Mo dákẹ́. Wọ́n sì sọ ọ́.